Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tọ́jú eyín ọmọdé: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ (dókítà eyín)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará iṣẹ́ wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àfọwọ́ṣe lórí ìtọ́jú eyín ọmọdé ni, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ kó tó di pé mo gbàgbé. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n dá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, orí ère la fi kọ́ṣẹ́. Wọ́n gbé orí oníke kan síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, eyín 20 ló wà lẹ́nu rẹ̀, bó ṣe máa ń pé lẹ́nu ọmọ tó bá tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta. A gbẹ́ ihò, a dí i, a gé orí iṣan inú eyín kúrò, a fi adé onírin bo eyín mọ́lẹ̀. Ọwọ́ mi yá. Láti ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tọ́jú eyín àgbàlagbà, mo rò pé ohun tó kù kí n mọ̀ kò ju pé eyín ọmọdé kéré, pé èèpo òde rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju tàgbà lọ, pé iṣan rẹ̀ kò jìnnà sí òde, tó fi jẹ́ pé bí ihò bá ti lu ú, kì í pẹ́ dé ibi tó ń dunni. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Àmọ́ orí ère kì í sunkún, kì í sì í fi ahọ́n ti irin dànù.

Ọjọ́ kẹta ni àwọn ọmọ gidi wọlé. Ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́. Mo kí i, mo ní, "Má bẹ̀rù, kò ní dùn ẹ́," mo na ọwọ́ mú dígí. Ó pa ẹnu dé. Mo bẹ̀ ẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Bí mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé kò ní dùn ún, bẹ́ẹ̀ ni omijé ń gbára jọ sójú rẹ̀.

Olùkọ́ wa kò gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó kàn rọra bi mí pé, "Ta ló dárúkọ ìrora fún un?"

Èmi ni. Kò sí ẹlòmíì.

Olùkọ́ fa àga kékeré kan, ó jókòó títí ojú rẹ̀ fi bá ti ọmọ náà dọ́gba. Kò mẹ́nu kan eyín rárá. Iye ìka tó ní ló béèrè, wọ́n jọ kà á dé mẹ́wàá. Ó wá ní, "Dígí yìí náà mọ nǹkan kà o, eyín lòun máa ń kà." Ó gbé e fún un kó fi wo ara rẹ̀, ó fi kan èékánná rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà yẹn ló tó ní kó lanu kí dígí kà. Ọmọ tó bo ẹnu fún mi lanu gbàgà.

Sọ fún un, fi hàn án, kó o tó ṣe é. Dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Addelston ti kọ èyí sílẹ̀ láti 1959. Mo kà á nílé ìwé, mo tiẹ̀ dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò. Ohun tí kò yé mi ni pé iṣẹ́ ni, bí dídí ihò ṣe jẹ́ iṣẹ́, pé èèyàn ní láti ṣe é ní àṣetúnṣe kó tó mọ́ ọn lẹ́nu. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n ní ká kó irinṣẹ́ sílẹ̀. A jókòó ní méjì-méjì, ẹnì kan ń ṣe ọmọdé, ẹnì kejì ń ṣe dókítà, à ń wá orúkọ tí a ó máa pe nǹkan. Rọ́bà tí a ń ta bo eyín di aṣọ òjò. Ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ di amumi. Wákàtí méjì gbáko la fi ṣe é, ó sì rẹ̀ mí ju gbígbẹ́ eyín lọ, torí ọwọ́ mi mọṣẹ́, ẹnu mi ni kò mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì eyín

Dókítà, ẹ ṣeun. Ti àwọn ọmọ ọwọ́ lèmi fẹ́ sọ.

Níbi tí mo ti kọ́ ọ, orí àga ńlá kọ́ la ti ń yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì wò. Ìyá àti dókítà máa jókòó kojú síra, eékún kan eékún, ọmọ á dojú kọ ìyá rẹ̀, wọn á wá rọra dá a dùbúlẹ̀ sẹ́yìn kí orí rẹ̀ lè wà lórí itan dókítà. Ọmọ máa sunkún, ìyẹn dájú. Ẹ̀rù bà mí nígbà àkọ́kọ́, mo fẹ́ gbé e dìde. Ẹni tó ń kọ́ wa ní kí n wò ó dáadáa: ọmọ tó ń ké ti la ẹnu fún ẹ. Kí n tó ka ogún, mo ti rí gbogbo eyín.

Ohun tí mo rí nìyí. Lára eyín iwájú òkè, níbi tó ti pàdé èrìgì, ìlà kan wà tó funfun bí ẹfun. Ìyá rẹ̀ rò pé wàrà ló lẹ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe wàrà o, ìbẹ̀rẹ̀ ìbàjẹ́ eyín ni, kó tó di ihò. Bí a bá tètè rí i, a lè fi fúlóráìdì, èròjà tó ń mú eyín le, kùn ún, kí wọ́n máa fọ eyín náà lójoojúmọ́, kí ìgò wàrà má sì bá ọmọ sùn mọ́. Nítorí ìlà funfun yẹn ni wọ́n ṣe ń sọ pé kí ọmọ ti rí dókítà eyín kó tó pé ọdún kan. Ìyá náà fojú ara rẹ̀ rí i láti orí àga tó jókòó sí, n kò nílò àlàyé púpọ̀.

Dókítà eyín (ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́)

Àbúrò mi, o káre. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síwájú wa nígbà tèmi ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ènìyàn. Mo rò pé ẹ̀kọ́ mìíràn ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ni.

Wọ́n ní ká ṣírò. Ọmọ tó wọn kìlógíráàmù 15. Lidocaine, oògùn abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí eyín mọ ìrora, kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 4.4 lọ fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 66. Ìgò kékeré kan tó gba mílílítà 1.8, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 2 nínú 100, mílígíráàmù 36 ló wà nínú rẹ̀. Ìgò méjì jẹ́ 72. Ó ti kọjá. Bẹ́ẹ̀ ìgò méjì kì í ṣe nǹkan bàbàrà fún àgbàlagbà. Mo rántí ọmọ kan tí mo ti fún ní méjì láìwọ̀n ọ́n, ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Ọlọ́run yọ mí, nǹkankan kò ṣe é. Síbẹ̀ mo jáde kúrò nínú iyàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà fúngbà díẹ̀.

Ẹ tún máa sọ fún òbí pé ètè ọmọ máa kú fún wákàtí díẹ̀. Mo gbàgbé láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọmọkùnrin náà fi eyín jẹ ètè ara rẹ̀ títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀, kò kúkú mọ̀ ọ́n lára.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìtọ́jú eyín ọmọdé

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Adé onírin tí a ń fi bo eyín láìgbẹ́ nǹkankan, láìfún ọmọ lábẹ́rẹ́, n kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ká bo ìbàjẹ́ mọ́lẹ̀? Norna Hall, dókítà eyín kan ní Scotland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ 132, tó jáde ní 2007, ló mú kí àwọn ènìyàn fara balẹ̀ wò ó. Bí a bá dé eyín náà pinpin, àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ kò ní rí ṣúgà jẹ mọ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo eyín ló wà fún o. Bí èrìgì bá ti wú, tàbí eyín ò jẹ́ kí ọmọ sùn lóru, ó ti kọjá ti adé.

Nígbà tó kan mi, ọmọ náà ń yọ̀ pé òun fẹ́ gé adé náà jẹ fúnra òun kó lè wọlé sórí eyín. Adé yọ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, ó bọ́ sórí ahọ́n. Àyà mi já. Aṣọ òwú tí wọ́n ní ká tẹ́ sẹ́yìn ẹnu kó má baà bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun ló gbà á dúró, òun náà ni mo rò pé wọ́n ń fi fi àkókò ṣòfò níjọ́ kìíní. Mo mú òmíràn, ọmọ gé e jẹ wáí, ó wọlé.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbé òṣùwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi láàárọ̀ yìí.

Ìbéèrè kan ló kù lọ́kàn mi. Wọ́n kọ́ wa pé ká máa pe abẹ́rẹ́ ní oògùn tó ń mú eyín sùn. Wọ́n tún kìlọ̀ gan-an pé ká má parọ́ fún ọmọ. Bí ọmọ bá wá wò mí lójú tó ní, "Ṣé abẹ́rẹ́ ni?" kí ni kí n sọ?

Dókítà eyín (ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́)

Bẹ́ẹ̀ ni, abẹ́rẹ́ ni. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn. Mo ti fi oògùn pa èrìgì náà tẹ́lẹ̀ kó tó béèrè. Mo ní, "Kékeré ni, ó máa ta ẹ́ díẹ̀, bá mi kà dé mẹ́wàá." Mi ò kì í sáré. Nígbà míì a máa ń kà á dé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹta.