Dífù iwájú fún Hilux tó ń gun ọ̀nà oko Ìdànrè: ohun tí ojú mi rí

Mo ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń wá dífù iwájú (àpò jíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà iwájú méjèèjì) fún mọ́tò akẹ́rù oní-four-wheel ló kọ́kọ́ ń bèèrè orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tàbí bóyá ó ní locker, ìyẹn ohun tó ń de táyà méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ yí. Ní tèmi, iye eyín tó wà lára crown (jíà ńlá inú dífù) àti pinion (jíà kékeré tó ń yí i) ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ìbéèrè, nítorí pé bí dífù ṣe wù kó lágbára tó, wàhálà ni yóò dá sílẹ̀ bí ìṣirò rẹ̀, ìyẹn eyín crown tí a fi ti pinion pín, kò bá bá ti ẹ̀yìn mu.

Mọ́tò tí ọ̀rọ̀ mi dá lé ni Hilux LN106, ti àwọn ọdún 1988 sí 1997, ẹ́ńjìnnì dísù 2.8 tí kò ní turbo, tí axle iwájú rẹ̀ jẹ́ odidi irin gbọọrọ láti táyà kan dé èkejì. Kòkó ni a fi ń kó láti inú oko wá sí Ìdànrè, kí a tó gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Ẹni tó bá mọ agbègbè náà mọ̀ pé àpáta ló pọ̀ níbẹ̀, àti pé ilẹ̀ pupa tó wà láàárín àpáta máa ń yọ̀ gidigidi nígbà òjò. Dífù iwájú bẹ̀rẹ̀ sí kùn nígbàkígbà tí a bá wọ four-wheel, yóò sì dákẹ́ bí a bá ti yọ ọ́. Nígbà tí mẹkáníìkì wa tú ọ́ìlì rẹ̀ sílẹ̀, ó funfun bí ògì, èyí tó fi hàn pé omi odò ti wọ inú rẹ̀, ègé irin kéékèèké sì ń tàn nísàlẹ̀ ọpọ́n tí ó fi gbè é. Títún un ṣe kò ṣeé ṣe mọ́, rírà ló kù.

Ní ọjà Ládípọ̀ ní Mùṣín, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú wa: ti Hilux bíi tiwa, ti Land Cruiser 80, àti ọ̀kan tí ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ti fi locker tó ń de ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ sí nínú. Ọmọkùnrin tó ń tajà náà fọwọ́ sọ ti Land Cruiser. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí ni kí ẹ gbé, ojúlówó ni.”

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú Hilux wa, irú dífù kan náà ni Toyota fi sí iwájú àti ẹ̀yìn. Bí ó bá wà lẹ́yìn, tí mọ́tò sì ń lọ síwájú, ojú eyín tó lágbára ni pinion máa ń tì. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e wá síwájú, ó ti kọjú sí ibòmíràn, ẹ̀yìn eyín tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ ni yóò máa tì ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ń gun òkè. Ti Land Cruiser 80 yàtọ̀, nítorí pé wọ́n gé eyín rẹ̀ ní òdì kejì fún iwájú gan-an, pinion rẹ̀ sì ga ju àárín crown lọ, tó fi jẹ́ pé pùròpẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára wá sí dífù, ga sókè kúrò níbi tí àpáta ti lè gbá a. Fún ọ̀nà Ìdànrè, ohun tí ènìyàn ń gbàdúrà fún nìyẹn.

Mẹkáníìkì wa lóṣòó tì í, ó nu gíríìsì kúrò lára crown, ó fi ẹfun sàmì sí eyín kan, ó sì ń ka á yípo. Mọ́kànlélógójì ni. Ó ka ti pinion, mẹ́wàá ni. 4.10 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ eyín mọ́kànlélógójì sí mẹ́sàn-án ló wà lẹ́yìn mọ́tò wa, ìyẹn 4.556. Bí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan, pùròpẹ́là ẹ̀yìn yóò fẹ́ yí ju ìgbà mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ, ti iwájú yóò fẹ́ yí díẹ̀ ju mẹ́rin lọ, àpótí jíà four-wheel sì ti so àwọn méjèèjì pọ̀ pé iye kan náà ni kí wọ́n yí. Nínú ẹrọ̀fọ̀, táyà yóò yọ̀, ìjà náà yóò sì rọlẹ̀. Lórí àpáta tí táyà kì í yọ̀, ohun tó bá rọ̀ jù nínú irin wọ̀nyẹn ni yóò ṣẹ́. Bí a bá fẹ́ lò ó, a ní láti wá crown àti pinion mìíràn sí i, tàbí kí a sọ ti ẹ̀yìn di 4.10, èyí tí yóò dín agbára tí ẹ́ńjìnnì wa fi ń fa kòkó gun òkè kù. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin náà lè mọ ìṣirò tiyín láìtú nǹkan kan, bí kò bá ti ní locker. Ẹ fi jáàkì gbé táyà iwájú méjèèjì, ẹ yí hub (ohun àárín táyà iwájú tó ń so táyà mọ́ irin tó ń yí i) sí lock, ẹ fi mọ́tò sí two-wheel, ẹ fi ẹfun sàmì sára pùròpẹ́là iwájú, kí ẹnì kan di táyà kan mú, kí ẹlòmíràn yí èkejì lẹ́ẹ̀mejì géérégé. Iye ìgbà tí pùròpẹ́là bá yí ni ìṣirò náà.

Ti oní-locker yẹn, ohun tí mo rí lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tó ń kó pákó ní apá Oǹdó ni kò jẹ́ kí n yà sí i. Irú locker bẹ́ẹ̀ wà níwájú mọ́tò tiwọn. Bí wọ́n bá ti wọ four-wheel, sítíárìn á le, mọ́tò á sì máa fẹ́ lọ tààrà sí gọ́tà níbi tí ọ̀nà ti yí, pàápàá lórí ilẹ̀ pupa tó tutù. Lọ́jọ́ kan tí awakọ̀ yí sítíárìn dé òpin tó sì tẹ iná, CV joint iwájú (oríkèé tó ń gbé agbára dé táyà bí a bá tilẹ̀ yí sítíárìn) ya sí méjì, ibẹ̀ sì ni agbára irú axle yìí máa ń mọ. Èrò mi ni pé kí mọ́tò akẹ́rù kọ́kọ́ ní locker lẹ́yìn. Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ ní iwájú dandan, kó jẹ́ èyí tí awakọ̀ ń fọwọ́ ara rẹ̀ tàn tó sì ń pa, bíi Air Locker ti ARB tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, tàbí ELocker ti Eaton tó ń lo iná. Detroit Truetrac, tó ń fi jíà pín agbára láìde táyà pọ̀ pátápátá, rọ sítíárìn lọ́rùn, ṣùgbọ́n bí táyà kan bá ti rọ̀ sófuurufú, ẹ ní láti fẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀ kí agbára tó dé ọ̀dọ̀ èkejì, táyà sì máa ń rọ̀ bẹ́ẹ̀ púpọ̀ lórí àpáta wa.

Ti Hilux bíi tiwa la gbé, 41 sí 9, láìní locker. Kí a tó sanwó, mẹkáníìkì di ibi tí pùròpẹ́là ń wọ̀ mú, ó mì ín sókè sódò bóyá bearing ti jẹ, ó sì wo eyín bóyá ó ti dúdú nítorí ooru. Nígbà tí ó fẹ́ tò ó, ó kun ọ̀dà sí eyín díẹ̀, ó yí i, ó sì ń tún un tò títí àmì náà fi bọ́ sí àárín eyín. A yá dial gauge (aago tó ń wọn àlàfo kékeré) kí àlàfo eyín má bàa kúrò láàárín 0.13 sí 0.18 mìlímítà, nítorí mi ò fẹ́ kó fi ọwọ́ lásán díwọ̀n rẹ̀. A fi rọ́bà gígùn sí ibi tí dífù ti ń mí, a gbé e gba inú ilé ẹ́ńjìnnì, kí omi odò má tún rí ọ̀nà wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Hilux tí Toyota ń ṣe láti 2005 wá, ẹ má fi ti LN106 ra tiyín. Axle iwájú yín kì í ṣe odidi irin, dífù náà kì í gba ibi tí pùròpẹ́là ń wọ̀ jáde bíi tiwa, nínú púpọ̀ wọn sì ni nǹkan kan wà tó ń já ẹ̀gbẹ́ kan kúrò fúnra rẹ̀ bí ẹ bá yọ four-wheel. Ẹ wo ìyẹn náà dáadáa kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ka eyín.