Ìrìn àjò ìhìnrere wa sí Ùgáńdà: ibi tó já sí

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ará. Mo béèrè bí àwa mẹ́sàn-án láti ìjọ wa ní Kubwa ṣe máa múra ọ̀sẹ̀ méjì ní Ùgáńdà. Ẹni tó ní ká kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ìmọ̀ràn tiẹ̀ ló ṣiṣẹ́ jù. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ náà, tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àmọ́ títí ayé ni. Ní Entebbe, pápákọ̀ òfurufú tí a bà sí ní Ùgáńdà, káàdì yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ bi wá. Ìyá ìjọ wa fi ọ̀rá wé tiwọn sínú Bíbélì.

Luganda, èdè ibẹ̀, tí a kọ́ kò kọjá ìkíni. “Oli otya?” mú kí àwọn àgbà rẹ́rìn-ín sí wa, àmọ́ ògbufọ̀ ló gbé ìwàásù.

Pásípọ́ọ̀tù arábìnrin kan ò jáde títí a fi lọ. Ó bá wa gbààwẹ̀, ó sìn wá dé pápákọ̀ òfurufú, ó sì padà sílé. Ó dùn mí gan-an. A ṣì ń lé pásípọ́ọ̀tù náà.