Ohun Tí Ojú Wa Rí Níbi Àjọ̀dún Fíìmù ní Èkó

Láti Ìlọrin

Iṣẹ́ fídíò òde ìnáwó ni mo ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà ní Taiwo Road. Ẹni tó bá ti ya ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti wòlímọ̀ fún ọdún mọ́kànlá kò ní ṣàìmáa rò pé òun mọ fíìmù, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì ni mo jẹ́ títí di ọdún tí mo kọ́kọ́ lọ sí iREP ní Èkó. Àjọ̀dún dọkumẹ́ńtárì ni iREP, ìyẹn fíìmù tí kò ní òṣèré, tó jẹ́ pé ìgbésí ayé àwọn ènìyàn gan-an ni wọ́n lọ yà. Ọdún 2010 ni Femi Odugbemi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá a sílẹ̀, inú oṣù Kẹta ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe é, ní Freedom Park tó wà ní Broad Street.

Mo gbéra ní Geri Alimi, níbi tí a ti ń wọkọ̀ ní Ìlọrin, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú báàgì kan àti wàrà tí mo rà fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, nítorí pé ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìyànà-Ìpájà ni mo fẹ́ sùn sí. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. N kò sọ pé kí ènìyàn má sun ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ o, ṣùgbọ́n láti Ìyànà-Ìpájà dé Broad Street ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìrìn-àjò mìíràn ni. Aago méje ni mo kúrò nílé; nígbà tí aago mẹ́wàá fi máa lù, tí wọ́n ní fíìmù àkọ́kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀, orí Third Mainland Bridge ni mo ṣì wà, tí mo ń wo àwọn apẹja lórí ọ̀sà, tí ẹni tó jókòó tì mí sì ń sùn lé mi léjìká. Wàrà náà pàápàá, kí n má baà gbàgbé, ti kan kí ó tó dé ọwọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Obìnrin náà gbà á, ó dúpẹ́, ó sì lọ dín in bẹ́ẹ̀.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àwọn òyìnbó amúnisìn ni Freedom Park tẹ́lẹ̀ rí. Theo Lawson, ẹni tó ń ya àwòrán ilé, ló sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún tó ti gba òmìnira. Ibi tí wọ́n ti máa ń yẹgi fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni pèpéle eré wà báyìí. Mo rí àga oníke kan lẹ́yìn, mo jókòó.

Fíìmù tí mo bá lójú ìran dá lórí àwọn obìnrin kan tí ń yan ẹja létí omi. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko a kò gbọ́ orin, a kò sì gbọ́ ohùn ẹni tó ń ṣàlàyé. Òróró ara ẹja ló ń kán sínú iná, tó ń ta pàrà-pàrà, tí obìnrin kan sì ń wúkọ́ nítorí èéfín. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ya fídíò yẹn, mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe: ǹ bá ti da fújì bò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí wọ́n tan iná, olùdarí fíìmù náà wá jókòó síwájú wa, àwọn òǹwòran sì ń bi í ní ìbéèrè. Bàbá àgbàlagbà kan dìde, ó ní kí ló dé tí kò fi orin sí i. Arábìnrin náà dáhùn pé lẹ́ẹ̀mejì ni òun padà lọ sí etí omi náà láìgbé kámẹ́rà dání, nítorí kí òun lè gba ìró iná yẹn sílẹ̀ dáadáa.

Ní ọdún tó ṣáájú ìyẹn, mo ti ya àwọn obìnrin tó ń mọ ìkòkò ní Dada, ní Òkélele, fún ara mi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí níṣẹ́. Orí àga oníke yẹn ni mo ti rántí pé nínú gbogbo fídíò náà, kò sí ibì kan tí ènìyàn ti lè gbọ́ ìró ọwọ́ wọn lára amọ̀. Nígbà tí mo dé Ìlọrin, mo padà lọ bá wọn. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ẹni tó wá ya àwòrán ló tún wá ń gbọ́ ìró ìkòkò.

Mo ti lọ sí AFRIFF náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, àjọ̀dún fíìmù mìíràn tó tóbi ju iREP lọ. Oṣù Kọkànlá ni tirẹ̀. Chioma Ude ló dá a sílẹ̀, Port Harcourt ni wọ́n sì ti ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 2010 kí ó tó di ti Èkó. Fíìmù pọ̀ níbẹ̀ ju ohun tí ojú méjì lè wò lọ, ẹ ó sì pàdé àwọn òṣèré tí ẹ ti ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n onítìjú ènìyàn ni mí, mo lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, n kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ tó ju “ẹ kú iṣẹ́” lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi pé èyí tó kéré ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, níbi tí ẹni tó ya fíìmù àti ẹni tó wò ó ti jọ ń ra omi lọ́wọ́ ẹnì kan náà.

Láti Òmù-Àrán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó wàrà. Olùkọ́ ni mí, èmi àti ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ nípa eré orí ìtàgé ní yunifásítì la jọ lọ sí àjọ̀dún kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Torí fíìmù kan ṣoṣo la ṣe wọkọ̀ lọ sí Èkó. Aago mẹ́rin ni ètò tí mo wò sórí fóònù ní Òmù-Àrán sọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé fíìmù náà wá sí aago kan, orí Instagram nìkan ni wọ́n sì kéde rẹ̀ sí, nígbà tí èmi ti pa dátà mi kí owó má baà tán lójú ọ̀nà. A dé ẹnu ọ̀nà ní aago mẹ́ta ààbọ̀, àwọn ènìyàn ń jáde bọ̀, wọ́n ń nu ojú wọn. Ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún bí wákàtí kan.

Nígbà tí kò sí ohun mìíràn tí a lè ṣe, a wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù kéékèèké, márùn-ún léra wọn, láìmọ orúkọ ìkankan nínú wọn. Yorùbá ni wọ́n sọ nínú ẹ̀kẹta, wọ́n sì kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá àgbà kan nínú rẹ̀ wọlé bá àwọn àna rẹ̀, ó ní “Ẹ kú ìjókòó o,” pẹ̀lú irú ohùn tí gbogbo wa mọ̀ pé ìjà ló bá wá. Ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ kò ju “báwo ni” lọ. Àwa tí a gbọ́ èdè ti fi ẹ̀rín pa gbọ̀ngàn náà, àwọn òyìnbó méjì tó wà níwájú wa sì yíjú padà, wọ́n ń wá ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní bí òun bá parí ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ìtumọ̀ yẹn ni òun fẹ́ ṣe.

Láti ìgbà náà, fíìmù kéékèèké ni mo kọ́kọ́ ń wò nínú ètò àjọ̀dún èyíkéyìí. Bí ẹ bá ní ààyè nínú oṣù Kejìlá, ẹ wo S16, àjọ̀dún fíìmù ní Èkó tí àwọn olùdarí fíìmù mẹ́ta, C.J. Obasi, Abba Makama àti Michael Omonua, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń dán ohun tuntun wò ni. Ní ti ibùsùn, èmi àti obìnrin méjì mìíràn la dá owó jọ gba yàrá kan sí ìtòsí, a kò tún dán ọ̀rọ̀ Ìyànà-Ìpájà wò.

Láti Ọ̀fà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ yín, ó sì dùn mọ́ mi. Ní ayé tiwa, fíìmù ló ń wá bá wa nílé. Adeyemi Afolayan, òṣèré tí gbogbo ayé ń pè ní Adé Love, bàbá Kunle Afolayan, ọmọ Àgbámù ní Kwara níhìn-ín ni. Ó wà nínú fíìmù Àjàní Ògún tí Ola Balogun darí ní ọdún 1976. Bí fíìmù irú wọn bá fẹ́ wọ ìlú, ọkọ̀ tó gbé gbohùngbohùn lórí yóò ti máa káàkiri láti òwúrọ̀, tó bá sì di alẹ́, wọn yóò ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn, àwọn oní-fíìmù fúnra wọn yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti ṣọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé wọn kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bí rílì tí wọ́n ká fíìmù mọ́ bá tán, òkùnkùn yóò ṣú, gbogbo wa yóò máa pariwo títí wọn yóò fi gbé òmíràn sí i.

Mo ti gbọ́ nípa FESPACO náà, àjọ̀dún fíìmù ti Ouagadougou ní Burkina Faso, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1969, ṣùgbọ́n ọdún méjì-méjì ni tiwọn, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn fún orúnkún mi. Ti Èkó yìí ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ńkọ́, ṣé ó lè fara da ìjókòó ọjọ́ mẹ́ta lórí àga oníke?

Láti Ìlọrin

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Ọjọ́ kan péré ti tó, ẹ mú ọjọ́ tí fíìmù tó wù yín bá bọ́ sí. Tí oṣù Kẹta bá ti súnmọ́, n ó wá gbé yín ní Ọ̀fà, kí a lè jọ wọkọ̀ ní Geri Alimi kí ilẹ̀ tó mọ́. N ó mú tìmùtìmù kan dání fún yín. N kò ní ra wàrà.