Ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì Peugeot 504: afẹ́fẹ́ kọ̀, kò jáde tán

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi ní Iléṣà níbí, mi ò sì ní tà á. Ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti dúdú bí aró, ni mo bá ra DOT 4, ọ́ìlì bíréèkì tí kílọ́ọ̀ṣì náà ń lò, láti fi pààrọ̀ rẹ̀ nílé. Ìyàwó mi ń tẹ pẹ́dà, èmi wà lábẹ́ ọkọ̀, mò ń tú nọ́ọ̀tì kékeré ara sílíńdà kílọ́ọ̀ṣì ti ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde, mo sì ń dé e kó tó gbẹ́sẹ̀. A ṣe é títí ìyàwó mi fi bínú wọlé! Pẹ́dà ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ, jíà ò wọlé. Ṣé rọ́bà inú sílíńdà ló ti jẹ ni, àbí kí n fi sírínjì ti ọ́ìlì gba ìsàlẹ̀ wọlé? Ọ́ìlì náà tún kán sára ọkọ̀, ọ̀dà ti ń bó.