Ajá XL Bully lórí àtẹ̀gùn ilé wa ní London

Ẹ̀yin ará wa ní ìlú ọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Láti 31 oṣù Kejìlá 2023 ni òfin ti ní kí wọ́n dí XL Bully lẹ́nu, kí wọ́n sì fi okùn fà á ní ìta gbangba. Ti aládùúgbò mi kò ní ìkankan lórí àtẹ̀gùn tí a jọ ń lò. Lánàá, itọ́ rẹ̀ kán sí bàtà ọmọ mi ọdún 4. Ọmọ náà kàn di aṣọ mi mú gírígírí ni. Mo bẹ olówó ajá lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kì í bunijẹ. Onílé ní inú ilé kì í ṣe ìta gbangba. Lábẹ́ òfin ajá eléwu ti 1991, ṣé òótọ́ ni? Ta ni kí n fẹjọ́ sùn, ọlọ́pàá àbí káńsù?