Láti St. Augustine lọ sí Vero Beach: ọ̀nà wo ni kí n gbà kọjá Cape Canaveral?

ỌmọEtíkun: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin àgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba laísẹ́ǹsì páílọ́ọ̀tì mi ni, bàálù kékeré Cessna 172 ni mo ń wà, mo wá fẹ́ fi gbé ẹ̀gbọ́n mi gba etí òkun Florida lọ sí Vero Beach. Títí dé New Smyrna ọ̀nà yé mi, àmọ́ tí mo bá wo máàpù, R-2932, R-2934 àtàwọn yòókù, ìyẹn àwọn ibi tí wọ́n dí mọ́ bàálù, ti bo gbogbo Cape Canaveral, Class B Orlando, ìyẹn òfuurufú pápákọ̀ ńlá ibẹ̀ téèyàn ò lè wọ̀ láìgbàṣẹ, sì tún wà lápá kejì. Ṣé kí n yà sórí òkun ni àbí orí ilẹ̀?

BàbáCessna: Àbúrò, o kú oríire. Jọ̀ọ́ má yà sórí òkun. Ibi tí wọ́n dí yẹn wọnú omi, wàá jìnnà sílẹ̀ kó o tó yí i po, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló sì wà níwájú ẹ, tó bá kú ní 3,500 ẹsẹ̀ bàtà, bíi máìlì 5 péré ló lè bá ẹ dé kó tó kan omi. Apá ìwọ̀ oòrùn Indian River ni kó o gbà, kí Interstate 95 wà nítòsí ẹ, má sì jẹ́ kí bàálù ẹ máa fara ra ààlà ibi tí wọ́n dí yẹn rárá, atẹ́gùn lè tì ẹ́ wọlé. Lẹ́yìn Melbourne padà sétí òkun.

ÀǹtíCFI: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń yìn ní Cape Canaveral gan-an lèmi ń bẹ̀rù fún ẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yìn ín, wọ́n á dí kún èyí tó wà lórí máàpù, NOTAM, ìyẹn ìkìlọ̀ tí wọ́n ń gbé jáde fáwọn páílọ́ọ̀tì, ló máa sọ wákàtí ẹ̀, tí wọn ò bá wá yìn ín mọ́, wọ́n lè sún un sí ọjọ́ kejì tíwọ fẹ́ fò gan-an. Torí náà kà á lálẹ́, kó o tún kà á kó o tó tan ẹ́ńjìnnì. Aago UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé jọ ń lò, ló wà níbẹ̀ o, Florida fi wákàtí 4 wà lẹ́yìn ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, 5 nígbà òtútù.

ỌmọEtíkun: Ẹ ṣé gan-an mà. Tí mo bá gba flight following ńkọ́, ìyẹn kí àwọn tó ń darí bàálù máa fi rédà ṣọ́ mi lọ, ṣé ìyẹn ti tó?

ÀǹtíCFI: Gbà á, wàá kúkú bá Daytona Approach, àwọn tó ń darí bàálù ní Daytona, sọ̀rọ̀ torí Class C wọn, ìyẹn òfuurufú tó yí pápákọ̀ wọn ká. Àmọ́ ọwọ́ wọn lè dí kí wọ́n já ẹ sílẹ̀, ọwọ́ ẹ ṣì ni wíwo máàpù wà. Tó ò bá sì gbọ́ "cleared into Class Bravo", ìyẹn àṣẹ láti wọ Class B, látẹnu wọn, má wọ ti Orlando.

BàbáCessna: Kí ẹ̀gbọ́n ẹ àtìwọ wọ life jacket sọ́rùn kẹ́ ẹ tó gbéra, kì í ṣe kó wà lẹ́yìn ìjókòó.