Òjé ni àbí bàbà? Ọta wo ni kí n máa fi pa ẹran tí aboyún yóò jẹ?

Ọmọ Ọdẹ

Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, mo kí yín o, ẹ kú àrìnpa. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ mẹ́ta, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìbọn .308 ni mo ń lò. Ọta olójèé 180 grain (grain ni ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ọta) ni bàbá mi fi kọ́ mi ní ọdẹ, òun náà ni mo ṣì ń lò dòní. Ẹran tí mo bá pa ló pọ̀ jù nínú ẹran tí à ń jẹ nílé. Ní Sátidé tó kọjá mo pa àgbọ̀nrín kan, ọta bà á lẹ́yìn èjìká, kò sá ju ogún ìgbésẹ̀ lọ tó fi ṣubú. Mo gé gbogbo ibi tí ẹ̀jẹ̀ dì sí dànù bí mo ti máa ń ṣe. Ìgbà tí ìyàwó mi ń gé ẹran ọrùn rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ ni ọ̀bẹ bá nǹkan pàdé. Ó fi èékánná yọ ọ́. Kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ibi tí mo sì ti ha á ń dán bíi fàdákà. Òjé ni. Mo wá fi ọwọ́ wọn ọ̀nà láti ibẹ̀ dé ojú ihò ọta: ó ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

Ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù márùn-ún, àkọ́bí wa kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo wo èérún yẹn lórí ìka mi, mo ń bi ara mi pé mélòó la ti gbé mì tí a kò mọ̀.

Ṣé kí n yí sí ọta bàbà ni? Àwọn tí a jọ ń ṣọdẹ ní bàbà kì í pa ẹran, pé ńṣe ló ń gún un kọjá bí abẹ́rẹ́, ẹran á sì lọ kú sínú igbó níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Àti pé ọta tí mo ń lò yìí gan-an, ara rẹ̀ pọ́n bíi bàbà. Ṣé kì í ṣe bàbà náà ni?

Pẹranpẹran

Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń jẹ ẹran tí mo fi òjé pa, bàbá mi jẹ ẹ́ kí n tó jẹ ẹ́, ó sì dàgbà darúgbó. Gé ibi tí ọta bà jẹ́ dànù, fi omi ṣan ìyókù dáadáa, ó parí. Ohun tí ọwọ́ rẹ ti mọ̀ ni kí o máa lò. Ìbọn tí èèyàn kò gbẹ́kẹ̀ lé ló ń dá ẹran lóró.

Bàbá Ìbejì

Ọmọ Ọdẹ, ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Pípọ́n tí ara ọta pọ́n kò sọ ọ́ di ọta bàbà. Wọ́n kàn fi bàbà tín-ín-rín wọ òjé náà láṣọ ni, kí òjé má baà máa lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn. Mo ti fi ayùn la ọ̀kan sí méjì rí, orí ọta nìkan o, èyí tí kò tíì sí lórí ẹ̀tù. Bàbà ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju èékánná lọ, gbogbo inú rẹ̀ jẹ́ òjé aláwọ̀ eérú. Ọta bàbà gidi, bàbà ni látòkè délẹ̀. Wo ara páálí rẹ̀: tí wọn kò bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní òjé, gbà pé òjé ló wà nínú rẹ̀.

Èyí tí ẹ rí ní ọrùn ẹran yẹn, bí òjé ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Òjé rọ̀. Bó bá kan ara ẹran pẹ̀lú eré yẹn, ó máa ń ṣí bí olú, ó sì ń já wẹ́wẹ́. Mo yọ ọta 180 kan lábẹ́ awọ ẹran lọ́jọ́ kan, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, 118 ló kù. Grain 62 ti fọ́n sínú ẹran tí mo fẹ́ jẹ. Bí wọ́n bá fi X-ray ya irú ẹran bẹ́ẹ̀, èérún náà máa ń tàn káàkiri bí ìràwọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò sì tó ohun tí eyín lè mọ̀ lára. Ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2008, wọ́n yìnbọn sí òkú àgùntàn láti fi wò ó. Èérún rìn jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ kúrò lójú ọgbẹ́. Wọ́n tún rí i pé omi tí a fi ń ṣan ẹran ń gbé èérún lọ síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Pẹranpẹran, ẹ má bínú sí mi, ti omi yẹn ni mi ò fẹ́ kó tẹ̀ lé.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Mi ò mọ nǹkan kan nípa ìbọn, àwọn aboyún àti ọmọdé ni mò ń tọ́jú. Òjé kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe nínú ara èèyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Inú eegun ló ń lọ fara pamọ́ sí, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí obìnrin bá lóyún, tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa èròjà láti inú eegun fún ọmọ, òjé á bá a jáde, á sì gba inú ibi ọmọ dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Ọmọ ọdún mẹ́ta ńkọ́? Bí òun àti bàbá rẹ̀ bá jẹ ìwọ̀n òjé kan náà, ara tirẹ̀ ló ń fa púpọ̀ wọ ẹ̀jẹ̀ jù, ọpọlọ rẹ̀ tó ń dàgbà lọ́wọ́ ló sì ń bà jẹ́. Kì í dunni, kì í mú ara gbóná. Inú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan la ti lè rí i. Ẹ̀gbọ́n wa, ìdí nìyẹn tí ọgbọ̀n ọdún tí ẹ ti ń jẹ ẹ́ kò fi fọkàn mi balẹ̀.

Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín kọjá bó ṣe yẹ o. Ní North Dakota, ní Amẹ́ríkà náà, lọ́dún 2008, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn 738 wò. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń jẹ ẹran ìgbẹ́ ga díẹ̀ ju ti àwọn tí kì í jẹ ẹ́ lọ, kò sì sí ẹni tó dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣèkìlọ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Mú ìyàwó rẹ àti ọmọ lọ fún àyẹ̀wò, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.

Pẹranpẹran

Ti aboyún yẹn yé mi, nọ́ọ̀sì, n kò ní bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fojú ara mi rí ni mò ń sọ. Mo ti lo ọta bàbà rí. Ẹran wà lọ́nà jíjìn, ọta gba ẹ̀yìn ìhà rẹ̀ wọlé, ó jáde lódì kejì. A tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan lórí ewé, a kò rí i. Ó ń dùn mí dòní. Kí lẹ rí sọ sí ìyẹn?

Aláwò

Ẹ̀gbọ́n, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ó sì nídìí. Orí ọta bàbà ní ihò. Ìgbà tí ara ẹran bá fi ipá wọ inú ihò yẹn ló ń ṣí bí òdòdó, ewé mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Bàbà le ju òjé lọ, torí náà ó ń fẹ́ eré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí eré wọn bá ti ń lọ sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tàbí 1,800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọn kì í ṣí dáadáa mọ́, ìgbà yẹn ni wọ́n ń gún ẹran bí abẹ́rẹ́. Òjé ṣì máa ń ṣí ní eré tó kéré sí ìyẹn.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé ẹni tó ń lo òjé 180 á lọ ra bàbà 180. Bàbà fúyẹ́. Òjé tó bá wọn 11.3, bàbà tó tóbi bákan náà kò ní wọn ju 9 lọ. Kí bàbà tó lè wọn 180, àfi kó gùn. Yóò gba àyè ẹ̀tù, eré rẹ̀ á dín, ìlà tó lọ́ yípo nínú ọ̀pá ìbọn míì kò sì ní lè yí i tó kó fò tààrà. Ọmọ Ọdẹ, 150 ni kí o mú nínú .308 rẹ. Má ṣàníyàn pé ó fúyẹ́: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan nù nínú ẹran, nítorí náà ó ń wọlé jìn. Láàárín 200 yáàdì, eré kò ní í dín jù. Èjìká ni kí o máa fojú sùn, má ta á sẹ́yìn ìhà.

Nu inú ọ̀pá rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú oògùn tó ń jẹ bàbà. Àkísà á máa jáde ní àwọ̀ búlúù. Máa nù ún títí búlúù fi tán. Àti pé wo ẹ̀yìn ẹran kí o tó fa ìbọn, torí ọta yìí sábà máa ń jáde lódì kejì, ó sì ṣì ń lọ.

Arọta

Ẹni tó bá ń yọ́ òjé fúnra rẹ̀ láti fi rọ ọta, kó gbé e jáde kúrò nínú ilé. 327°C ló ti ń yọ́, iná ìdáná ká a, ìyẹn ló fi ń wu èèyàn láti ṣe é níbẹ̀. Ìdọ̀tí tí à ń ré lórí rẹ̀ ń di eruku, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti aṣọ. Èmi a máa bọ́ aṣọ mi síta kí n tó gbé ọmọ.

Olùṣọ́ Ẹyẹ

Ohun tí ẹ ń gé dànù ńkọ́? Ìfun àti ẹran tó bàjẹ́ tí a bá fi sílẹ̀ nínú igbó, igún àti idì ló ń jẹ ẹ́, tòun ti òjé inú rẹ̀. Igún ńlá California tí wọ́n ń pè ní condor kò ju 22 lọ lọ́dún 1982, òjé sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù. Láti 2008 ni wọ́n ti fòfin de ọta òjé ní àgbègbè tí ẹyẹ náà ń gbé, ó sì di òfin fún ọdẹ jákèjádò ìpínlẹ̀ yẹn ní July 1, 2019. Denmark fòfin de ọta òjé wẹ́wẹ́ ní 1996, ó fi ti ìbọn ọlọ́ta kan kún un ní 2024. Ọdẹ ṣì ń pa ẹran níbẹ̀. Tí òjé bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ wa ilẹ̀ bo ohun tí ẹ bá gé.

Ọmọ Ọdẹ

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, mo ní kí n jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí mo bá a dé.

Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi àti ti ọmọ, a ń retí èsì. Mo nu ọ̀pá ìbọn, àkísà búlúù tó jáde kúrò ní kékeré. Mo ra bàbà 150 oríṣi méjì. Ti àkọ́kọ́ fọ́n káàkiri lórí pátákó, ìbọn mi kò fẹ́ ẹ rárá. Ti ẹ̀kejì, ní 100 yáàdì, ó fi íǹṣì méjì ga ju ibi tí òjé ń bà, ó sì yà sósì díẹ̀. Mo tún awò ìbọn tò. Ìgbà tí mo ta mẹ́ta míì, àtẹ́lẹwọ́ ọmọ mi lè bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ti àgbọ̀nrín ọjọ́sí, itan ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la fi sílẹ̀, èmi ni n ó sì jẹ ẹ́. Ọrùn, èjìká àti ìhà ti wà nínú ilẹ̀. Mo gbẹ́ ẹ jìn dé orókún mi kí ajá má baà hú u.

Pẹranpẹran

Èyí tó péjọ síbì kan yẹn, kọ orúkọ ara páálí rẹ̀ síbí fún mi.